Mi ò ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan, síbẹ̀ mo ti jìnnà sí Ọlọ́run. Kí ló fà á?

Arìnrìnàjò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ tí kò ní bẹ̀rẹ̀ ìwàásù kí n tó sọ ọ́ tán.

Mi ò jalè, mi ò ṣe panṣágà, mi ò kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí ń ti ẹnu mi jáde, ọkàn mi sì wà níbi iṣẹ́, ó ń bá ọ̀gá mi jiyàn. Nígbà tí mo ṣe Àmín, mi ò lè rántí ẹyọ ohun kan tí mo tọrọ. Mo wá bi ara mi pé ìgbà wo ni mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ tó ti inú wá. Mi ò rí ìdáhùn.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yìí ni mo yà. Kí ló máa ń gbé èèyàn jìnnà báyìí? Ẹ̀yin tó ti ṣe yín rí, báwo lẹ ṣe padà? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ojú yín ti rí ni kí ẹ sọ fún mi.

Màmá Onísùúrù

Ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wo ọ̀rọ̀ Lọ́ọ̀tì nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ní orí 13, ilẹ̀ tútù tó dára fún ẹran rẹ̀ ló wò, ó sì pàgọ́ sí ìhà Sódómù. Ìhà ibẹ̀ lásán ni o, kò tíì wọlé. Ní orí 14, ó ti ń gbé inú ìlú. Nígbà tó máa fi di orí 19, ẹnu bodè ló jókòó sí. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Lọ́ọ̀tì jí lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò ṣe ti Ọlọ́run mọ́. Ibi tó kọjú àgọ́ sí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà lọ.

Ní tèmi, ìráhùn ni. Àìsàn kan dá mi wó fún oṣù méje. Ara mi yá, ẹnu mi ni kò yá. Bí mo bá ti jí, ohun tí kò sí ni mò ń kà: agbára tí kò tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ tí kò pè, ọ̀rẹ́ tí kò yọjú nígbà tí mo wà lórí ibùsùn. Àdúrà mi di ẹjọ́ rírò. Ẹni tó bá sì ń rojọ́ ẹnì kan lójoojúmọ́, kì í pẹ́ tí kò fi ní fẹ́ rí ojú onítọ̀hún mọ́.

Ohun tó gbà mí kò tóbi. Kí n tó béèrè ohunkóhun lálẹ́, mo máa ń dúpẹ́ fún nǹkan mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kì í ṣe "mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí gígùn" o. Ẹnu mi ti mọ ìyẹn jù, ó lè sọ ọ́ lójú oorun. Nǹkan tí mo lè tọ́ka sí ni: ẹ̀yìn ríro tó dáwọ́ dúró nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọmọdé tó bá mi gbé ẹrù láìjẹ́ pé mo pè é. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹyọ kan gan-an ṣòro fún mi láti rí.

Kọ́ńdọ́

Fóònù ni. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ohun tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ kàn láàárọ̀ ni ọkàn máa ń tẹ̀ lé. Mo ra aago kékeré tó ń dún, mo gbé fóònù sí yàrá kejì. Ó parí.

Arìnrìnàjò

Màmá, ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀rọ̀ Lọ́ọ̀tì yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n Kọ́ńdọ́, ó jọ pé ẹ ti yọjú wo yàrá mi. Mi ò tíì la ojú kejì tí mo ti ń ka ìròyìn.

Akọrin Àtijọ́

Mo fẹ́ sọ èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: iṣẹ́ Ọlọ́run gan-an lè gbé èèyàn jìnnà sí Ọlọ́run. Ọdún 11 ni mo fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo mọ ẹni tó máa ń pẹ́ dé, mo mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń yẹ̀, mo mọ ẹni tí wọ́n ní kó dá kọrin tí kò tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ inú orin nìkan ni mi ò gbọ́ mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń fi Màtá inú Lúùkù orí 10, obìnrin tó gba Jésù lálejò tí iṣẹ́ ilé sì gbà lọ́kàn, bú ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, wọn ò kà á dáadáa. Jésù ò sọ fún Màtá pé kó pa iná. Màtá ló gbójú kúrò lára àlejò tó ń tọ́jú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ó tún wá lọ bá Olúwa fúnra rẹ̀, ó bi í bóyá kò bìkítà ni. Èmi náà nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí mo wá, tí mò ń fi í wé ti ẹlòmíì, iṣẹ́ ìsìn ti di ọ̀rọ̀ míì lọ́wọ́ mi.

Mo gbàyè oṣù mẹ́ta. Inú bí olórí ẹgbẹ́, ó ní mo já wọn kulẹ̀. Lóṣù kìíní, mo jókòó sáàárín ìjọ, bí wọ́n ṣe ń kọrin ń bí mi nínú. Lóṣù kejì, mo gbọ́ ẹsẹ orin kan tí èmi fúnra mi ti kọ títí ó fi sú mi, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ti padà báyìí. Ìlà ẹ̀yìn ni mo ní kí wọ́n fi mí sí.

Ọmọ Àlùfáà

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mùsùlùmí ni mí, ẹ gbà mí láàyè kí n dá sí i. Hádíìsì kan wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà wá láti ẹnu Ànábì, tí Bùkhárì àti Múslímù, àwọn méjì tó kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, gbà wá, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé bí ẹrú òun bá sún mọ́ òun ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, òun á sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Bó bá ń rìn bọ̀, òun á yára lọ pàdé rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀nà àbọ̀ máa bà mí lẹ́rù.

Ti ọ̀nà àlọ náà wà. Tírímísì, tóun náà kó hádíìsì jọ, gba òmíràn wá pé bí èèyàn bá dẹ́ṣẹ̀, àmì dúdú kan á hàn lára ọkàn rẹ̀. Bó bá ṣe túúbá, ọkàn á mọ́. Bó bá tún padà sídìí rẹ̀, àmì á máa pọ̀ sí i títí á fi bo ọkàn náà. Àmì ẹyọ kan kò bo nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kà á sí.

Èmi ò pa ìrun tì. Mò ń kí i, àmọ́ ìkángun àkókò ni mo máa ń dì í mọ́. Bí mo bá máa kí Àlàásárì, oòrùn á ti fẹ́ẹ̀ wọ̀. Mò ń sáré kí i bí ẹni tó wá san gbèsè tí kò fẹ́ kí olówó dá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi rí mi, wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí n máa rọra ṣe àlùwàlá, kí omi kàn mí lọ́wọ́ kí n sì mọ̀ pé omi ni. Kí ẹsẹ̀ mi tó dé orí ẹní, ọkàn mi á ti dé síbẹ̀. Mi ò tíì borí rẹ̀ tán o. Ìrun Ìṣáì ṣì máa ń bá mi lójú oorun.

Mo Ní Ìbéèrè

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ó jọ pé gbogbo wa ti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló sọ fún wa? Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Kámẹ́lì bọ̀, níbi tí iná ti bọ́ láti ọ̀run. Kò pẹ́ rárá, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù. Oúnjẹ àti omi ló gbé wá. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó ní kó tún jẹun, torí ọ̀nà tó fẹ́ rìn pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Arìnrìnàjò, ṣé ẹ ń sùn? Wákàtí mélòó?

Bí ìbànújẹ́ bá ti bá èèyàn gbé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun ò wá, tí oúnjẹ ò lọ, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́, kó lọ rí dókítà. Àdúrà ò bá dókítà jà. Sáàmù 88 wà nínú Bíbélì, òkùnkùn ló fi parí, kò sí "ẹ yin Olúwa" kankan nígbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ náà ni.

Kọ́ńdọ́

Mo gbà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkàn tó gbẹ ni oorun ń pa. Ọ̀lẹ náà ń sùn.

Mo Ní Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o. Ẹ rọra fún wa.

Olùṣírò Owó

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí tèmi ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní pè ní ẹ̀ṣẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé mo ti ka ọjà tó wà nílé ìkẹ́rùsí. Mi ò débẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Nǹkan kan ò sọnù, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè.

Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ kí n má baà bá àdúrà alẹ́ nílé. Àwáwí ò tán lẹ́nu mi. Ọlọ́run ò lé mi o. Ẹ wo inú ọgbà Édẹ́nì dáadáa: Ádámù ló sá sáàárín igi, Ọlọ́run ló ń rìn bọ̀ tó ń béèrè pé níbo lo wà. Mo gbà pé irọ́ yẹn burú, àmọ́ sísá tí mo sá lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé mi jìnnà. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi fọwọ́ sí ìwé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sá.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo jẹ́wọ́. Mo ti rò pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n jágbe mọ́ mi, wọ́n ní mo fẹ́ kó gbogbo ilé iṣẹ́ sí wàhálà. Ipò tó yẹ kó kàn mí lọ́dún yẹn, ẹlòmíì ni wọ́n fún. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ka ọjà náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òótọ́ kì í náni ní nǹkan kan, irọ́ míì ló ń pa. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́, mo wà níbi àdúrà nílé, àbíkẹ́yìn mi sì bi mí pé, "Dádì, níbo lẹ ti ń wà?"

Jẹ́ẹ́jẹ́

Olùṣírò, ẹ pa mí lẹ́kún.

Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́: Ignatius ti Loyola, ọmọ Sípéènì, tó gbé ayé láti 1491 sí 1556. Jagunjagun ni. Ọta àgbá fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Pamplona ní 1521, ó sì dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lórí ibùsùn yẹn, ó ń ro oríṣi nǹkan méjì láti fi pa àkókò. Nígbà míì, ògo ogun àti bí òun á ṣe wu obìnrin ọlọ́lá kan. Nígbà míì, bí òun á ṣe tẹ̀ lé Kristi bí àwọn ẹni mímọ́. Méjèèjì ló ń dùn mọ́ ọn nígbà tó ń rò wọ́n. Àmọ́ bí ti àkọ́kọ́ bá ti lọ tán, ọkàn rẹ̀ á gbẹ. Bí ti èkejì bá lọ, ayọ̀ rẹ̀ kì í bá a lọ. Láti ibẹ̀ ló ti kọ́ pé adùn nǹkan nìkan kọ́ ni ká máa wò, ká wo ohun tó fi sílẹ̀ sínú wa nígbà tó lọ. Ó kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ láti máa padà wo ọjọ́ wọn lójoojúmọ́ lọ́nà yẹn.

Mo wá ìwé kékeré kan. Ìlà méjì lálaalẹ́: ibo ni mo ti sún mọ́ lónìí, ibo ni mo ti yà. Lẹ́yìn ọjọ́ 40, mo kà á padà. Ó ti dá mi lójú tẹ́lẹ̀ pé ìbínú ni ìṣòro mi, ṣùgbọ́n ìbínú ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí mo kọ "yà", ọ̀rẹ́ mi kan ló pè mí lọ́jọ́ náà. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì í gbọ́. Àmọ́ tiwa ni ká máa sọ ẹni tó kọ́lé, ẹni tó gbéra lọ sókè òkun, ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ilé mi á kéré lójú mi, ọkọ mi á sú mi. Ìlara ni, aṣọ ìròyìn ló wọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní òun náà ti kíyè sí i, òun ò mọ bí òun á ṣe sọ ọ́ ni.

Màmá Onísùúrù

Arìnrìnàjò, ọmọ mi, mo tún ọ̀rọ̀ rẹ kà. O ní nígbà tí o kúnlẹ̀, ọkàn rẹ ń bá èèyàn jiyàn. Ta lo ń bínú sí? Mi ò sọ pé ọ̀gá rẹ.

Arìnrìnàjò

Mà, ìbéèrè tí mi ò fẹ́ lẹ bi mí yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Wọ́n yá owó lọ́wọ́ mi, wọ́n ní oṣù mẹ́fà. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin nìyí. Mo ti dárí jì wọ́n tipẹ́. A kàn kì í bára wa sọ̀rọ̀ ni.

Kọ́ńdọ́

O ti dárí jì wọ́n, o sì mọ̀ ọ́n dórí oṣù. Ẹrín pa mí, má bínú.

Arìnrìnàjò

Ẹ̀gbọ́n, àwọn ni wọ́n jẹ mí o. Mátíù orí 5 ní bí mo bá rántí níbi pẹpẹ pé arákùnrin mi ní ohun kan sí mi, kí n lọ bá a làjà. Wọn ò ní nǹkan kan sí mi. Èmi ni mo ní sí wọn. Àwọn ló yẹ kó wá.

Màmá Onísùúrù

Ẹsẹ yẹn, òun ló mú. Èyí tó mú ìwọ wà ní Máàkù orí 11: bí o bá dúró tí ò ń gbàdúrà, tí o ní ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni, dárí jì í. Ẹni tó ṣẹ̀, wọ́n ní kó dìde. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, wọn ò ní kó jókòó máa retí. Bí ẹ bá gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan náà, àárín ọ̀nà lẹ máa pàdé.

Ọmọ Àlùfáà

Tiwa náà le díẹ̀, mà. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí bá ọmọ ìyá rẹ̀ yodì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tí wọ́n á pàdé tí kálukú á gbójú sọ́tọ̀. Ẹni tó sàn nínú wọn ni ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì. Kò sọ pé ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹni Tó Yè

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tó lọ jìnnà. Gbèsè yàtọ̀ sí ẹgba. Ẹnì kan lù mí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti dárí jì í. Mo lè dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà kí ọwọ́ mi má gbọ̀n, ọdún mẹ́fà ló sì gbà mí. Kò mọ ibi tí mò ń gbé, kò sì ní mọ̀ ọ́n. Àwọn tó sọ fún mi nígbà náà pé bí mi ò bá padà sílé, mi ò tíì dárí jì í, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run pátápátá.

Màmá Onísùúrù

O ṣeun tó o sọ ọ́, ọmọ mi. Irú ìyẹn ò sí lọ́kàn mi, ó sì yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀. Dúró síbi tó o wà.

Olùṣírò Owó

Arìnrìnàjò, ẹ lè dárí jì wọ́n kí ẹ sì tún gba owó yín o, ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà wọn, ẹ ti pinnu: ṣé owó lẹ ń pè ni àbí ẹ̀gbọ́n? Bó bá jẹ́ owó, ẹ sọ ọ́ tààrà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ owó lọ́jọ́ náà rárá.

Arìnrìnàjò

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Fóònù ti wà ní yàrá kejì, àyàfi ọjọ́ márùn-ún tí mo gbé e padà. Wákàtí márùn-ún ni mo ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Ó ti di bíi méje báyìí, ó sì yà mí lẹ́nu bí ìbínú mi ṣe dín kù. Nǹkan mẹ́ta tí Màmá sọ, méjì ni mo sábà máa ń rí. Mo ti yọ àdúrà tí mo há sórí kúrò fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà àdúrà mi ti kúrú gan-an. Lánàá, mo ń rìn lọ, mo rí i pé mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti pinnu pé àwọn ni mò ń pè, kì í ṣe owó. Ó dún títí, wọn ò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí n kí yín ni." Wọ́n ti kà á. Wọn ò fèsì.

Màmá Onísùúrù

Bóyá ojú gbèsè ló ń tì wọ́n. Má pè wọ́n mọ́ lónìí. Tún pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú.

Arìnrìnàjò

Ó dáa, mà.